Ará Ṣakí ní Èkó kò ní òkè, kò sì ní ìgbà. Kí ni kí n fi dá a lóhùn?

Òǹtẹ̀wé Ṣómólú:

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tó ti di ìjà ẹnu níbi iṣẹ́ wa.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí, ṣùgbọ́n Ṣómólú ni mo ti ń jẹun, nídìí iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú á mọ̀ pé tó bá ti di oṣù Kọkànlá, oorun ti kúrò lójú wa nìyẹn. Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, kàlẹ́ńdà ẹni tó fẹ́ gbé àpótí ìbò, kálukú ló fẹ́ kí tirẹ̀ jáde kí ọdún tó yí. Àwa mẹ́rin la wà nídìí ẹ̀rọ. Ọ̀kan, ará Ṣakí ni. Ọ̀kan, ọmọ Ìdànrè. Ẹ̀kẹta là ń pè ní Bàbá Jọ́ọ̀sì: ọmọ Ọ̀fà ni bàbá tó bí i, ṣùgbọ́n Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí, Haúsá sì dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ. Èmi ni ẹ̀kẹrin wọn. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ.

Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ rèé. Ẹ̀rọ Kord tí à ń lò, àwọ̀ kan ló ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kàlẹ́ńdà aláwọ̀ mẹ́rin, ìgbà mẹ́rin ni bébà kan náà máa gba inú ẹ̀rọ kọjá: yẹ́lò, magẹ́ńtà, sáyàn, dúdú. Láàárín àwọ̀ kan sí èkejì, a ó fọ rólà, a ó dúró kí yíǹkì gbẹ, iná á lọ, iná á dé, ilẹ̀ á ṣú. Bébà sì rèé, ó ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Tí afẹ́fẹ́ bá rin, á fẹ̀, etí rẹ̀ á ká kò. Tí ọyẹ́ bá dé, á gbẹ, á sún kì. Ojú lásán lè má rí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rí i. Ọjọ́ tí ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá, tí aṣọ lẹ̀ mọ́ wa lára, la tẹ yẹ́lò àti magẹ́ńtà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kùrukùru ti bo gbogbo ojú ọ̀sà, ẹni tó gba orí Third Mainland kọjá ò rí Mákòkó mọ́, ètè kálukú ti ń bó. Nígbà tí a fi máa gbé sáyàn lé bébà yẹn, alága ẹgbẹ́ tó ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò ti ní ẹnu méjì, ọ̀kan pupa, ọ̀kan búlúù, eyín rẹ̀ sì wà níbi tí kò sí ẹnu kankan.

Bébà tó bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn ò kéré. Ọ̀gá wa ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí a fi palẹ̀ mọ́.

Ibẹ̀ ni ará Ṣakí ti lanu. Ó ní, “Èkó yìí ná, kí ló ní gan-an? Kò ní òkè, kò ní àpáta, ẹ ò lè rí òkúta kan ṣoṣo ṣà nílẹ̀ yín àfi èyí tí tírélà bá kó wá. Kò tún ní ìgbà. Òjò ń rọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ooru ń mú nígbà òjò. Ọyẹ́ yín pàápàá, kéèyàn tó wá súwẹ́tà jáde látinú àpótí, ó ti lọ. Ní Ṣakí, bí ọyẹ́ bá dé, ó dé nìyẹn. Ìwọ àti bébà rẹ á ti mọ ibi tí ẹ dúró sí.”

Mo ní kó rọra, pé ìlú tó ń bú yìí ló ń san owó ilé rẹ̀. Mo ki Èkó fún un: Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, Èkó aròmisá lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀. Ó ní omi kọ́ lòun ń béèrè.

Ti ooru ló wá ń dùn mí jù. Nínú oṣù Kẹta tó kọjá, òun fúnra rẹ̀ ló na fóònù sí wa: Ṣakí 37, Èkó 33. Mo ní ṣé ó ti rí i báyìí pé ìlú tirẹ̀ ló gbóná jù. Ó ní fóònù yẹn ò mọ nǹkan kan, pé ooru Èkó ló fẹ́ gbẹ̀mí òun, pé ní Ṣakí òun máa ń rí oorun sùn lóru. Bàbá Jọ́ọ̀sì gbè é lẹ́sẹ̀. Ọmọ Ìdànrè kàn ń rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tí kò bá tíì jókòó sórí àpáta ní agogo méjì ọ̀sán kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ ooru.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ibòmíràn rí, àti ẹ̀yin ọmọ Èkó tí ẹnu yín mú: ṣé lóòótọ́ ni pé a ò ní ìgbà? Kí ló dé tí 33 tiwa fi ń ni èèyàn lára ju 37 tiwọn lọ? Kí sì ni mo lè fi pa ará Ṣakí yìí lẹ́nu mọ́ kí iṣẹ́ kàlẹ́ńdà tó parí?

Ìyá Ẹlẹ́ja Mákòkó:

Ọmọ Èkó, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ sọ fún ará Ṣakí kó wá bá mi lójú omi. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, ẹja ni mò ń yan, ó sì ti pẹ́ tí òjò ti ń pa igún bọ̀ lórí ọ̀sà yìí. Ìgbà tó ń wá lórí ilẹ̀ tí kò rí, inú omi ló wà.

Tó bá ti di oṣù Kẹfà, tí òjò ti rọ̀ dáadáa, odò láti òkè á ya wọ ọ̀sà. Omi á pọ́n, iyọ̀ á kúrò nínú rẹ̀ pátápátá. Ewé tó ń léfòó yẹn á gbilẹ̀, á bo ọ̀nà ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì á máa wé e mọ́ra, ẹ ó máa rí àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ń bọ́ sómi lọ já a. Ọ̀bọ̀kún á wà, epìyà á wà. Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé, odò á fà, òkun á wá rí àyè gba ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá ń gbà wọlé. Ẹ bu omi tọ́ wò nínú oṣù Kejì, iyọ̀ ni. Iyọ̀ yẹn ló ń pa ewé náà, á pọ́n, á rà, á rì, ọ̀nà á tún là. Ẹja òkun á máa bá iyọ̀ rìn wọlé, akàn náà á pọ̀. Ẹja tí wọ́n bá gbé wá bá mi nídìí ààrò ló ń sọ oṣù fún mi, n ò nílò kàlẹ́ńdà tí alága rẹ̀ ní ẹnu méjì.

Ọyẹ́ dára fún ẹja yíyan. Nígbà òjò, igi á tutù, èéfín á bo gbogbo wa lójú, ẹja á pẹ́ kó tó gbẹ. Nígbà ọyẹ́, kíá ni. Ṣùgbọ́n ilé pákó nilé wa, ó sún mọ́ra, n kì í lè fi ààrò sílẹ̀ lọ ibì kankan títí iná á fi kú, atẹ́gùn yẹn kò gba àwàdà.

Ti òkúta tí Èkó ò ní, ìyẹn ò tíì tó nǹkan. Ní etíkun tiwa ní Ayétòrò, iyanrìn gan-an ò sí, ẹrẹ̀ dúdú ló lọ pàdé òkun. Ọdún 1947 ni wọ́n tẹ ìlú yẹn dó, ìlú tó lókìkí ni nígbà ayé rẹ̀, àmọ́ òkun ti gbé ilé tó pọ̀ lọ, kò sì tíì dúró. Ẹrẹ̀ ò lè kojú ìgbì. Ẹni tó bá ní iyanrìn kó máa dúpẹ́, ẹni tó wá ní àpáta kò mọ ohun tó ní ni.

Ọmọ Kétu:

Ẹ bá mi bi ará Ṣakí yẹn: ṣé ó mọ ibi tí odò Ògùn ti ṣẹ̀? Nínú òkè tó wà lágbègbè Ṣakí náà ló ti ń sun. Ó gba Òkè-Ògùn wá, ó gba Abẹ́òkúta, ó wá ń bọ́ sínú ọ̀sà wa. Ibi tó ń gbà kó tó bọ́ síbẹ̀, ẹ̀yìnkùlé mi ni. Àwa tí à ń gbé Kétu, Máìlì 12, Àjẹgúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú, títí kan Ìṣẹrì, a mọ̀ ọ́n dáadáa.

Èyí tó máa ń ya àlejò lẹ́nu ni pé omi yẹn kì í dúró de òjò Èkó. Nínú oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá, oòrùn lè máa là èèyàn lórí, aṣọ á gbẹ lórí okùn, omi á máa rọra gun àtẹ̀gùn ilé. Òkè lọ́hùn-ún lòjò ti rọ̀. Dáàmù Ọ̀yán náà tún wà lókè Abẹ́òkúta láti ọdún 1983. Odò Ọ̀yán, inú Ògùn ló ń ṣàn sí, tí dáàmù bá sì kún, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí omi sílẹ̀. Mo ti gbé àga sórí tábìlì rí, mo ti gbé fíríìjì sórí búlọ́ọ̀kù, láìjẹ́ pé òjò kán tó sórí páànù mi. Òjò Ṣakí ni. Kó tún wá sọ pé a ò ní ìgbà. Tiwa, tiwọn, gbogbo rẹ̀ la ní.

Tíṣà Àgbà, Sùúrùlérè:

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, mo kí yín. Jọ́gíráfì ni mo fi kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n dá sí ti 33 àti 37 yẹn.

Fóònù ò parọ́, ará Ṣakí náà ò parọ́. Òógùn ló ń mú kí ara tutù, ṣùgbọ́n ó dìgbà tó bá gbẹ lára kó tó lè gbé ooru lọ. Ṣakí jìnnà sí òkun, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lọ́sàn-án nígbà ẹ̀ẹ̀rùn gbẹ, òógùn kì í pẹ́ lára. Èkó wà láàárín òkun àti ọ̀sà. Afẹ́fẹ́ ti mu omi yó kó tó kàn yín, kò láyè láti gba ti ara yín, òógùn á kàn máa ṣàn wọ ojú ni. Ohun kan náà ló ń ṣe bébà yín. Ẹ tún wo òru: omi kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù, ọ̀rinrin àti ìkùukùu kì í sì í jẹ́ kí ooru ilẹ̀ ráyè gòkè lọ. Ní Ṣakí, ojú ọ̀run mọ́ lóru nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ooru ọ̀sán á ti lọ kó tó di ìdájí. Ẹni tó ń wá aṣọ ìbora níbẹ̀ àti ẹni tó ń wá fáànù ní Ìsàlẹ̀ Èkó, òru kan náà ni wọ́n jọ ń sùn.

Ti pé Èkó ò ní ìgbà, ẹ sọ fún un pé méjì méjì la ní i. Atẹ́gùn olómi ń ti orí òkun bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, atẹ́gùn gbígbẹ ń ti Sàhárà bọ̀ láti àríwá ìlà-oòrùn. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé kì í dúró sójú kan, ibi tó bá sì lọ ni òjò ń tẹ̀ lé e. Nínú oṣù Kẹfà, Èkó lòjò ń bá jà. Tó bá fi máa di oṣù Kẹjọ, ó ti gòkè lọ bá ará Jọ́ọ̀sì àti ará Kánò, omi òkun tó wà létí wa náà á tutù lásìkò yẹn, òjò tiwa á dáwọ́ dúró, ọ́gọ́ọ̀sì bìrékì nìyẹn. Nígbà tó bá ń padà bọ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án àti Ìkẹwàá, àrọ̀kúrọ̀ á tún kàn wá. Ẹ̀ẹ̀mejì lòjò ń ga lọ́dọ̀ wa láàárín ọdún. Ní Jọ́ọ̀sì, ẹ̀ẹ̀kan ni.

Bàbá Jọ́ọ̀sì tirẹ̀, gíga ilẹ̀ ni. Jọ́ọ̀sì fi nǹkan bíi mítà 1,200 ga ju ojú òkun lọ. Tí èèyàn bá gòkè ní mítà 1,000, ìwọ̀n ooru á fi bíi 6 wálẹ̀. Ìsàlẹ̀ Èkó ò ga ju mítà mélòó kan lọ.

Kí ará Ṣakí má sì fi ọyẹ́ yangàn. Púpọ̀ nínú eruku rẹ̀, Bodélé ló ti ń wá, ní orílẹ̀-èdè Ṣáàdì, níbi tí adágún omi ńlá kan wà láyé àtijọ́ kó tó gbẹ. Eruku tí ẹ̀ ń nù kúrò lórí ẹ̀rọ yín láàárọ̀, ìsàlẹ̀ adágún ló jẹ́ nígbà kan. Àlejò ni ọyẹ́ ní Ṣakí náà, ó kàn ń pẹ́ lọ́dọ̀ wọn kó tó dìde ni.

Ọmọ Olókè:

Ìdànrè ni mo ti ń kọ ọ́. Ọmọ wa tó wà lọ́dọ̀ yín ò purọ́. Àpáta ń mu oòrùn láti àárọ̀, tó bá fi di ọ̀sán, sílípáàsì rọ́bà á máa rọ̀ mọ́ọ̀yàn lẹ́sẹ̀. Tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, èéfín á máa rú lára òkúta. Àmọ́ ẹ dé ibẹ̀ láàárọ̀ kùtù nínú oṣù Keje, ẹ ó wòkè, ẹ ò ní rí òkè. Ìkùukùu ti gbé e mì. Orí rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún làwọn baba ńlá wa ń gbé tẹ́lẹ̀, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ wá tẹ Ìdànrè ìsàlẹ̀ dó. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló wà níbẹ̀ báyìí fún ẹni tó bá fẹ́ lọ wo ààfin àtijọ́. Ẹ mú ará Ṣakí dání tí ẹ bá ń bọ̀, kó wá wo òkè.

Ọmọ Ẹ̀bùté Mẹ́ta ní Calgary:

Ìwọ̀n 33 ni ẹ̀yin ń jà lé lórí, ẹ ṣeun.

Níbí, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ojú ọjọ́ bá mọ́, ẹ ó máa wo òkè Rockies lápá ìwọ̀-oòrùn tí yìnyín bò lórí. Nígbà òtútù, atẹ́gùn kan máa ń ti orí òkè yẹn sọ̀kalẹ̀, Chinook lorúkọ rẹ̀. Ó lè jẹ́ ìwọ̀n 20 nísàlẹ̀ òdo ní àárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ yìnyín ti ń yọ́ sójú títì, àwọn ọmọ ti bọ́ kóòtù. Ọ̀la, ó tún ti dì. Ará Ṣakí tó ń wá ìgbà tó dúró sójú kan, kó má wá síbí.

Gbígbẹ ló ń ṣe mí jù. Ilé tí hítà ń gbóná, kí n fọwọ́ kan irin ilẹ̀kùn, iná á ta mí. Mo rò pé ohun tó ń mú kí bébà yín lẹ̀ mọ́ra nígbà ọyẹ́ náà nìyẹn, ẹ̀gbọ́n Òǹtẹ̀wé? Òrí tí ìyá mi rà ní Ọjà Òyìngbò ni mo fi ń pa ètè.

Ará Ṣakí Fúnra Rẹ̀:

Ṣé èmi lẹ kó sẹ́nu báyìí? Kò burú.

Tíṣà, ẹ ṣé o, sà. Mà, Ìyá Ẹlẹ́ja, mo kí yín. Ará Kétu, ẹ má bínú: òjò rọ̀ sí wa lórí, odò gbé e lọ, ṣé ká dì í mú ni? Àwa kọ́ la kọ́lé sí i lọ́nà.

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ yìí, ta ló ti dé Ṣakí nínú yín? Ẹ wá nínú oṣù Kìíní. Koríko ọ̀dàn á ti gbẹ, àwọn ọdẹ á ti dáná sí i, eérú dúdú á máa fò bọ̀ wá bà lé aṣọ funfun tí ìyá mi sá, ìyá mi á máa ṣépè. Ààjà á máa jó lọ láàárín ọ̀nà, á gbé ọ̀rá, á gbé ewé, ọmọdé á máa sá tẹ̀ lé e. Igi ẹ̀mí ń bẹ, igi igbá ń bẹ, Òkè Àsabàrí ń wo gbogbo ìlú láti òkè. Ìdájí, iná la ó yá, ọwọ́ èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè di ife kòkó mú. Agogo mọ́kànlá, a ti ń wá ibòòji. Èèyàn mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́, èèyàn mọ̀ pé ọ̀sán pọ́n. Ní Èkó, ooru àná ò tíì lọ tí tòní ti ń kanlẹ̀kùn.

Ẹ sì jẹ́ kí n béèrè èyí. Òkun nìyí, ọ̀sà nìyí, odò tiwa náà tún wá bá yín láti Ṣakí. Kí ló wá dé tó jẹ́ ọwọ́ mẹ́ruwà la ti ń ra omi tí a fi ń fọ yíǹkì lọ́wọ́ ní Ṣómólú?

Òǹtẹ̀wé Ṣómólú:

Ẹ rí i bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí tó ń tẹ̀ ẹ́ o. Mo rò pé ìyàwó rẹ̀ ló ń kọ ìwé sí.

Gbogbo yín, ẹ ṣeun. Mo ka ti Tíṣà sókè ketekete, Bàbá Jọ́ọ̀sì ní kí n tún un kà. Inú rẹ̀ dùn sí ti oṣù Kẹjọ yẹn, torí òun ti máa ń wí i, a ò gbà á gbọ́: ó ní nínú oṣù Kẹjọ tí àwọn ń jókòó sínú ilé ní Jọ́ọ̀sì tí òjò ń rọ̀ ṣáá, tí yìnyín ń lu páànù nígbà míì, tí ilẹ̀ oko ànàmọ́ Òyìnbó rin gbingbin, ìgbà yẹn gan-an ni Èkó ń dára. Ooru á rọlẹ̀, oòrùn á fara pamọ́, atẹ́gùn á máa fẹ́ láti òkun. Oṣù kan ṣoṣo tí kì í bú Èkó nìyẹn. Bébà náà a máa gbọ́ràn sí wa lẹ́nu díẹ̀ nígbà yẹn, tí kò bá kàn lẹ̀ mọ́ra torí yíǹkì tí kò gbẹ.

Àbúrò mi ní Calgary, bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà ọyẹ́, iná inú gbígbẹ yẹn á wọ bébà, ẹ̀rọ á gbé méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. A máa ń da omi sílẹ̀ yí ẹ̀rọ ká kí afẹ́fẹ́ lè rin díẹ̀. Ará Ṣakí ló ń dà á, kò sì tíì sọ pé òun ò rí ìwúlò omi.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ruwà tó sọ, kò sí ohun ìjìnlẹ̀ níbẹ̀. Omi tó yí wa ká, Ìyá Ẹlẹ́ja ti sọ ọ́, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, iyọ̀ ni. Kànga tó wà ní agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó sún mọ́ òkè débi pé ọmọdé lè fi ọwọ́ kan omi, ṣùgbọ́n ọṣẹ ò lè hó nínú rẹ̀.

Ti òkè ni mo fẹ́ dáhùn. Ó ní ilẹ̀ Èkó ò ní nǹkan kan tójú ń rí. Ilẹ̀ Èkó, rírìn ló ń rìn. Iyanrìn etíkun wa, láti ìwọ̀-oòrùn ló ń rìn lọ sí ìlà-oòrùn, ìgbì ló ń gbé e díẹ̀díẹ̀, bó ti ń ṣe nìyẹn láti ayébáyé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, ìjọba Òyìnbó fi òkúta mọ ògiri wọnú òkun ní ẹnu ọ̀nà ọ̀sà, kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé láìfi ìdí gúnlẹ̀. Ọkọ̀ rí ọ̀nà, iyanrìn ò rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sápá Tákwà Béè lọ́hùn-ún, ilẹ̀ ibẹ̀ ń gbòòrò sí i. Apá Bar Beach tí kò rí iyanrìn gbà mọ́, òkun ń jẹ ẹ́. Wọ́n da iyanrìn síbẹ̀, òkun kó o. Wọ́n tún dà á. Èmi fúnra mi rántí ìgbà tí ìgbì ń fò gba orí ọ̀nà Ahmadu Bello ní Victoria Island, tí dírẹ́fà ń fi ẹ̀yìn rìn padà, tí àwọn tó ń ta súyà ń gbé tábìlì sá. Níbi tí òkun gbà lọ́jọ́ yẹn, ilé gogoro ló wà níbẹ̀ báyìí, Eko Atlantic, iyanrìn tí wọ́n fà láti ìsàlẹ̀ òkun ló dúró lé, ògiri òkúta ló sì ń dá ìgbì dúró fún un.

Ibi tí bàbá mi ti gbá bọ́ọ̀lù létí òkun, ó di òkun, ó tún di ilẹ̀, ojú mi ló ṣe. Àsabàrí wà níbi tó wà kí wọ́n tó bí baba ńlá ará Ṣakí, ibẹ̀ náà ló ṣì wà. N ò ní ká má yin àpáta. Ṣùgbọ́n kó má fojú di ilẹ̀ tó ń rìn, ó gba kéèyàn lajú sílẹ̀ kó tó lè gbé orí rẹ̀.

Ti bébà, a ti mọ ohun tí a ń ṣe báyìí. Bí a bá ti tẹ àwọ̀ kan tán, a ó fi ọ̀rá dì í pinpin, etí rẹ̀ kò gbọdọ̀ yọ síta. Bébà tuntun gbọ́dọ̀ sùn nínú yàrá ẹ̀rọ kó tó kan iṣẹ́. Bàbá Jọ́ọ̀sì sì ni a fi ṣe awòye: ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, á fa imú, á ní, “Ó ń bọ̀.” Tó bá ti wí bẹ́ẹ̀, a ó wá epo sí jẹnẹrétọ̀, a ó tẹ àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán lójú kan náà, kódà kó di òru. Kàlẹ́ńdà alága náà ti tún jáde, ẹnu kan ló ní.

Ìyá Ẹlẹ́ja Mákòkó:

Ọmọ Èkó, ẹ fi ará Ṣakí yẹn lọ́rùn sílẹ̀, ọmọlúàbí ni. Ará Ṣakí, ọmọ mi, òrí wà lọ́dọ̀ ìyá ẹ? Èyí tí kò ní àbùlà? Ọwọ́ mi ti là tán nídìí ààrò, èyí tí wọ́n ń tà fún wa níbí, n ò mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn.

Ará Ṣakí Fúnra Rẹ̀:

Ó wà, mà. Ẹni tó ń bọ̀ láti ilé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ á gbé e wá. Èló lẹ̀ ń ta ọ̀bọ̀kún gbígbẹ?